Ẹja Olórí-Ejò: Bí A Ṣe Ń Dá A Mọ̀ àti Ohun Tó Yẹ Kí Apẹja Ṣe sí I

Ẹnikẹ́ni tó bá ń fi ìwọ̀ pẹja ní Odò Potomac, tàbí ní àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn lọ sínú ọ̀sà ńlá Chesapeake ní ìpínlẹ̀ Maryland àti Virginia lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lè fa ẹja kan jáde lọ́jọ́ kan tí orí rẹ̀ pẹrẹsẹ, tí eyín rẹ̀ mú, tí ara rẹ̀ gùn gbọọrọ, tí àbàwọ́n dúdú ńláńlá sì wà lára rẹ̀ láti ọrùn dé ìrù. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Channa argus, àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ní northern snakehead, èmi yóò sì máa pè é ní ẹja olórí-ejò. Kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ ní Amẹ́ríkà rárá. Ṣáínà, Kòríà àti apá ìlà-oòrùn Rọ́ṣíà ni orírun rẹ̀, ọwọ́ ènìyàn ló sì gbé e dé ibi tó wà lónìí. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún àwọn Yorùbá tó ń gbé ní agbègbè náà, nítorí pé a pọ̀ níbẹ̀, a fẹ́ràn ẹja, ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò sì mọ̀ pé ohun tí a bá ṣe láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹja yìí bá bọ́ sórí ilẹ̀ lè dáàbò bo odò kan tàbí kó ba odò mìíràn jẹ́. Bí ẹ kò bá rántí ohun mìíràn nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí èyí: ẹ má ṣe gbé ẹja olórí-ejò láàyè kúrò níbi tí ẹ ti mú un.

Irú ẹja tó jẹ́

Ẹni tó bá ti sin àrọ̀ rí kò ní pẹ́ lóye ẹja yìí. Gbogbo ẹni tó bá ti ra àrọ̀ láàyè lọ́jà mọ̀ pé a lè gbé e sínú àpò láìsí omi kankan nínú rẹ̀, kí a wọ ọkọ̀ dé ilé, kí ó sì ṣì máa ta pàtìpàtì nígbà tí a bá tú àpò náà. Ohun tó fà á ni pé àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan lókè ohun-ìmí pupa abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, èyí tó fi ń gba afẹ́fẹ́ tí àwa ènìyàn ń mí. Ẹja olórí-ejò náà ní irú ẹ̀yà ara bẹ́ẹ̀ nínú orí. Ó máa ń gòkè wá sí ojú omi láti gbé afẹ́fẹ́ mì, nítorí náà, omi àbàtà tó gbóná tó sì dákẹ́, níbi tí ẹja mìíràn ti ń kú nítorí àìsí afẹ́fẹ́ nínú omi, kò ṣe é ní nǹkan. Bí a bá fà á jáde, tí awọ ara rẹ̀ kò sì gbẹ, ó lè wà láàyè fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà òtútù, tí yìnyín bá bo odò, ara rẹ̀ á rọlẹ̀, ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó wà nínú omi á sì tó o títí yìnyín yóò fi yọ́.

Nígbà tí òkìkí rẹ̀ kọ́kọ́ kàn ní ọdún 2002, àwọn oníròyìn kan kọ ọ́ pé ó ń rìn lórí ilẹ̀, pé ó ń ti odò kan bọ́ sí òmíràn láti wá ohun ọdẹ kiri. Àsọdùn ni. Ó lè wọ́ díẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù, pàápàá nígbà tó bá ṣì kéré, ṣùgbọ́n kò ní ẹsẹ̀, kò sì lè lọ jìnnà. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wa ni ó ń bá rìn láti odò dé odò. Bí ẹ bá gba ìtàn ẹja tó ń rìn gbọ́, ẹ óò máa ṣọ́ etí odò nígbà tó jẹ́ pé kúlà tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ yín ni ó yẹ kí ẹ máa ṣọ́.

Apẹran ni. Ẹja kéékèèké ni oúnjẹ rẹ̀ jù, ó sì tún ń jẹ ọ̀pọ̀lọ́ àti edé odò. Abo rẹ̀ a máa yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin lẹ́ẹ̀kan, a sì máa yé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọdún. Èyí nìkan kò jẹ́ tuntun, nítorí pé ẹja púpọ̀ ló ń yé ẹyin púpọ̀; ohun tó yàtọ̀ ni pé akọ àti abo rẹ̀ máa ń dúró ti ẹyin wọn, wọ́n á sì máa ṣọ́ àwọn ọmọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jáde nínú ẹyin, débi pé wọn a máa kọlu ohunkóhun tó bá sún mọ́ wọn. Ọmọ tí a bá ṣọ́ báyìí ni ó ń dàgbà.

Lóòótọ́, ẹja inú Odò Potomac kò tán bí àwọn kan ti sọ tẹ́lẹ̀. Odò ńlá ni, omi rẹ̀ pọ̀, àwọn ẹja mìíràn sì rí ibi sá sí. Ṣùgbọ́n ní odò Blackwater, tó wà ní apá ìlà-oòrùn Maryland, nígbà tí àwọn onímọ̀ fi àwọn ẹja tí wọ́n kà kí olórí-ejò tó gbilẹ̀ wé àwọn tí wọ́n kà lẹ́yìn náà, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ nínú irú ẹja ibẹ̀ ti dín kù. Ìyẹn ni ó ń bà mí nínú jẹ́ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé àwọn odò tóóró àti àwọn adágún kékeré, tí ẹnikẹ́ni kì í kọ nípa wọn, ni kò ní ibi tí ẹja wọn lè sá sí.

Bí ó ṣe dé

Ó yẹ kí a mọ ìtàn Crofton, nítorí pé inú rẹ̀ ni òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ẹja yìí ti jáde. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2002, apẹja kan mú ẹja tí kò rí irú rẹ̀ rí nínú adágún kan ní Crofton, ìlú kékeré kan ní Maryland. Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó sì dá a padà sínú omi. Fọ́tò náà ló ta àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lólobó. Nígbà tí wọ́n wádìí ọ̀rọ̀ náà dé gbòǹgbò, wọ́n rí i pé ọkùnrin kan ló ra ẹja méjì láàyè láti New York, nítorí pé ó fẹ́ fi se ọbẹ̀ fún arábìnrin rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Láàárín àwọn ará Ṣáínà, wọ́n gbà pé ọbẹ̀ ẹja yìí máa ń fún aláìsàn lókun. Ara arábìnrin náà ti yá kí ẹja tó dé. Ọkùnrin náà wá ń sin wọ́n nínú àpótí gíláàsì nínú ilé, wọ́n dàgbà ju àpótí náà lọ, ó sì lọ tú wọn sínú adágún. Kò ní èrò ibi kankan lọ́kàn. Ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá ti se ọbẹ̀ ẹja tútù fún abiyamọ tàbí fún ẹni tó ń gbádùn láti inú àìsàn lè rí ara rẹ̀ nínú ìtàn yìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba da májèlé tí wọ́n ń pè ní rotenone sínú adágún náà ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, ẹja ńlá mẹ́fà àti ọmọ wọn tó lé ní 1,000 ni wọ́n kó jáde.

Wọ́n rí ti Crofton ṣe, nítorí pé adágún ni. Nígbà tó di ọdún 2004, ẹja náà fara hàn nínú Odò Potomac, àyẹ̀wò DNA sì fi hàn pé kì í ṣe ìdílé ti Crofton. Ẹlòmíràn ti tú tirẹ̀ sílẹ̀ níbòmíràn. Ní Arkansas, níbi tí wọ́n ti rí i ní ọdún 2008, ìjọba da májèlé sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ omi ní ọdún 2009, síbẹ̀ wọn kò lè pa á run. Odò tó ń ṣàn, tó ní ẹ̀ka àti àbàtà, kò ṣeé fi májèlé fọ̀ mọ́. Láti ìgbà náà, ohun tí ó kù ni kí àwọn apẹja máa pa á, kí a má sì gbé e dé ibi tí kò tíì dé.

Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó pa á

Apá yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù, nítorí pé ẹja mìíràn ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀ olórí-ejò. Bowfin ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ onílẹ̀ ni ní apá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ìdílé rẹ̀ sì jẹ́ ara àwọn ẹja àtijọ́ tí ìyókù wọn ti di òkúta nínú ilẹ̀. Òun náà gùn gbọọrọ, òun náà ní eyín, ìrù rẹ̀ ṣe róbótó, òun náà sì ń gòkè wá mí afẹ́fẹ́. Àwọn apẹja tí kò mọ̀yàtọ̀ ti sọ ọ́ sórí ilẹ̀ kí ó kú, wọ́n rò pé iṣẹ́ rere ni àwọn ṣe.

Ẹ yí ẹja náà padà kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Lẹbẹ tó wà lẹ́yìn ìdí ẹja, lápá ìsàlẹ̀, ni ẹ ó kọ́kọ́ wò. Ti olórí-ejò gùn púpọ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìrù. Ti bowfin kúrú, ó dá dúró níbì kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà, ẹ wo lẹbẹ méjì tó wà ní ikùn. Lára olórí-ejò, wọ́n wà níwájú, lábẹ́ lẹbẹ ẹ̀gbẹ́ tó wà lẹ́yìn ẹ̀rẹ̀kẹ́; lára bowfin, wọ́n fà sẹ́yìn sí àárín ikùn. Àmì méjì yìí tó. Bí ọkàn yín kò bá tíì balẹ̀, ẹ wo orí: ìpẹ́ bo orí olórí-ejò, èyí ló fún un lórúkọ, ṣùgbọ́n orí bowfin dán láìsí ìpẹ́. Akọ bowfin sábà máa ń ní kókó dúdú kan, tí àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ yí ká, ní ìdí ìrù rẹ̀ lápá òkè. Lẹbẹ gígùn tó wà lórí ẹ̀yìn ẹja, lápá òkè, kò ní ràn yín lọ́wọ́ rárá, nítorí pé àwọn ẹja méjèèjì ló ní in.

Ẹja kẹta kan wà ní apá àríwá, burbot, tí àwọn kan máa ń ṣì mú. Ó ní irùngbọ̀n kan ṣoṣo lábẹ́ àgbọ̀n, lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ sì pín sí méjì. Olórí-ejò kò ní irùngbọ̀n, lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì pín.

Bí iyèméjì bá ṣì wà, ẹ ya fọ́tò ikùn, orí àti ìrù rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ ẹja ìpínlẹ̀ yín, kí ẹ sì ṣe ohun tí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe.

Nígbà tó bá ti wà lọ́wọ́ yín

Ẹ ṣọ́ra fún eyín rẹ̀, ẹ má sì fi ìka sí i lẹ́nu láti yọ ìwọ̀. Ohun èlò tí a fi ń fa ìwọ̀ jáde ni kí ẹ lò. Ara rẹ̀ ń yọ̀ púpọ̀, ó sì lágbára, nítorí náà, aṣọ ìnura tútù tàbí ìbọ̀wọ́ yóò ràn yín lọ́wọ́ láti dì í mú.

Lẹ́yìn náà, ẹ pa á níbẹ̀. Ẹja tí a kàn gbé sórí ilẹ̀ tàbí tí a jù sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín lè dà bí òkú, kí ó sì ta nígbà tí a bá dé ilé. Ohun tó dára jù ni kí a fi igi tó wúwo lù ú lágbárí kó má mọ nǹkan kan mọ́, kí a sì gé orí rẹ̀, tàbí kí a gé ohun-ìmí pupa tó wà lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kúrò, kí a sì kó ìfun rẹ̀ jáde. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó jìyà pẹ́. Ẹja tí a fẹ́ mú kúrò nínú odò náà ní ẹ̀mí, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kí wọ́n gbé òun wá.

Bí ibi tí ẹ ti mú un kì í bá ṣe odò tí a ti mọ̀ ọ́n sí, iṣẹ́ yín kò tíì parí. Ẹ ya fọ́tò tó mọ́lẹ̀ kí ẹ tó gé orí rẹ̀, ẹ kọ orúkọ omi náà àti ibi pàtó tí ẹ dúró sí sílẹ̀, tàbí kí ẹ jẹ́ kí fóònù yín fi àmì sí ojú ibẹ̀ lórí máàpù, kí ẹ fi ẹja náà sínú fìrísà, kí ẹ sì pe àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ẹja. Ìmọ̀ràn tí àwọn aláṣẹ Georgia fún àwọn apẹja nìyẹn ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, nígbà tí wọ́n rí ẹja náà nínú adágún kan ní Gwinnett County, ó sì bá gbogbo ibòmíràn mu. Nínú àwọn odò Chesapeake, àwọn onímọ̀ ti so àmì kékeré tó ní nọ́ńbà mọ́ lára àwọn olórí-ejò kan. Bí ẹ bá rí i, ẹ gé àmì náà kúrò, kí ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́, nítorí pé òun ni wọ́n fi ń mọ ibi tí ẹja náà ń rìn dé.

Ní ti òfin, ní oṣù kẹwàá ọdún 2002, ìjọba àpapọ̀ ka gbogbo ìdílé ẹja olórí-ejò mọ́ àwọn ẹranko tó léwu lábẹ́ òfin tí wọ́n ń pè ní Lacey Act. Gbígbé e wọ Amẹ́ríkà láàyè láìsí ìwé àṣẹ di ẹ̀ṣẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ púpọ̀ sì fi òfin tiwọn kún un pé a kò gbọdọ̀ ní i lọ́wọ́ láàyè. Maryland kò fi òté lé iye tí apẹja lè mú tàbí ìwọ̀n rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin ìwé àṣẹ ìpẹja ṣì múlẹ̀. Òfin Virginia kò rí bákan náà pẹ̀lú ti Maryland nínú gbogbo nǹkan, nítorí náà, ẹ ka ti ìpínlẹ̀ tí ẹ dúró sí kí ẹ tó ju ìwọ̀.

Ibi tí ẹ ti lè rí i, àti bí a ṣe ń jẹ ẹ́

Ó fẹ́ràn omi tí kò jìn, tó ń rọra lọ, tí koríko omi bò. Láti ìgbà ìrúwé ni ẹ ti lè máa wá a ní etí àbàtà àti lábẹ́ òṣíbàtà. Ìdẹ tí a ṣe bí ọ̀pọ̀lọ́, tí a rọra ń fà lórí koríko, máa ń mú un bínú kọlu ìwọ̀. Ní àsìkò ooru, ẹ lè rí ọ̀wọ́ ọmọ ẹja tí àwọ̀ wọn pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí wọ́n ń yọ lójú omi lẹ́ẹ̀kan náà; àwọn òbí wọn kò jìnnà. Bí a bá mú àwọn òbí náà, àwọn ẹja mìíràn yóò rí àwọn ọmọ tí kò ní aláàbò jẹ.

Ẹran rẹ̀ funfun, ó le dáadáa, egungun wẹ́wẹ́ kò pọ̀ nínú rẹ̀. Kò fọ́ nínú ọbẹ̀, nítorí náà, ó dára fún pẹpẹsúùpù, ó sì dára fún dídín. Ẹ bó awọ rẹ̀ kúrò, ẹ gé ẹran kúrò lára egungun, kí ẹ fi iyọ̀ àti omi òroǹbó wẹ̀ ẹ́ bí ẹ ti ń ṣe fún àrọ̀. Ní ọdún 2024, Maryland tilẹ̀ fún un ní orúkọ tuntun, Chesapeake Channa, kí ẹ̀rù orúkọ àtijọ́ má baà lé àwọn oníbàárà sá. Ẹ má ṣe gbàgbé pé àwọn ìpínlẹ̀ máa ń gbé ìmọ̀ràn jáde nípa iye ìgbà tó yẹ kí a jẹ ẹja odò kọ̀ọ̀kan lóṣù, nítorí àwọn kẹ́míkà ilé iṣẹ́ tó ti wà nínú ẹrẹ̀ odò láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ kà á, pàápàá bí aboyún tàbí ọmọdé bá wà nínú ilé.

Ohun tó kan àrọ̀ tiwa

A kò gbọdọ̀ rò pé ẹja àwọn ẹlòmíràn nìkan ni ó ń ṣe irú èyí. Irú ẹja olórí-ejò kan tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ wà nínú àwọn odò àti àbàtà Nàìjíríà, kò sì ṣe ibi kankan níbẹ̀, nítorí pé òun àti àwọn ẹja tó yí i ká ti mọ ara wọn tipẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àrọ̀. Ṣùgbọ́n àrọ̀ tí wọ́n gbé lọ sí Brazil fún ọ̀sìn ti jáde kúrò nínú àwọn adágún ọ̀sìn, ó sì ti wọ inú odò ibẹ̀. Ní Florida, ìbátan àrọ̀ kan tí wọ́n gbé wá láti Thailand sá jáde láàárín àwọn ọdún 1960, ó tàn ká gbogbo gúúsù ìpínlẹ̀ náà, àwọn tó ń sin ẹja sì ní láti ṣe ọgbà yí adágún wọn ká kí ó má baà wọlé láti orí ilẹ̀ tútù ní àsìkò òjò. Òun, yàtọ̀ sí olórí-ejò, lè rìn ní tòótọ́.

Nítorí náà, gbogbo ìdílé àrọ̀ wà lórí ìwé àwọn ẹranko tó léwu kan náà, tí a kò gbọdọ̀ gbé wọ Amẹ́ríkà láàyè láìsí ìwé àṣẹ. Ẹni tó bá ń ronú láti kó ọmọ àrọ̀ wá láti ilé kí ó lè sìn ín lẹ́yìn ilé ní Maryland, kí ó jáwọ́ nínú rẹ̀. Àrọ̀ tí a ti yan gbẹ kò sí lábẹ́ òfin ti ẹja láàyè yìí, ṣùgbọ́n àwọn aṣọ́bodè ní ìlànà tiwọn lórí oúnjẹ, ó sì yẹ kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n bá fún yín ní pápákọ̀ òfuurufú. Bí ẹja inú àpótí gíláàsì yín bá ti tóbi jù, ilé ìtajà tí ẹ ti rà á tàbí ẹlòmíràn tó ń sin ẹja ni kí ẹ gbé e fún. Bí ẹnì kan bá sì fẹ́ ta olórí-ejò láàyè fún yín, ì báà ṣe fún ọbẹ̀, ẹ má ṣe rà á. Ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí i sílẹ̀, kí ẹ sì sọ fún àjọ tó ń bójú tó ẹja ní ìpínlẹ̀ yín lọ́jọ́ náà gan-an.